Orúkọ Mẹ́rin, Ènìyàn Mẹ́ta

Mọ́ńdè, 18 oṣù kẹjọ

Yàsírù ọkọ mi ló ra ìwé yìí nígbà tó wálé Iléyá. Ó ní kí n máa fi kọ èdè Faransé, ọ̀rọ̀ márùn-ún lójúmọ́, kí ẹnu mi ti là díẹ̀ kí n tó wá bá òun ní Pàràkú. Mo kọ "bọ̀nsúù". Mo kọ "mẹsí". Ó tán. Ojú ìwé tó kù, tèmi ni. Kò sẹ́ni tó máa kà á nílé yìí – ìyá ọkọ mi ò mọ̀wé, ọmọ ò tíì rìn.

Ó pè láàárọ̀ yìí. Ìwé ìgbélùú ti jáde! Ìwé tó ní a kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wọn mọ́, pé a ti di ará ibẹ̀, èmi àti òun àti ọmọ. Ó ń pariwo lórí fóònù bí ẹni tó rí ewúrẹ́ rẹ̀ tó sọnù. Ó ní òun ń bọ̀ wá fi mọ́tò kó wa, àti ẹrù àti ènìyàn. Mo ní a dúpẹ́. Mi ò rìn kọjá Ìlọrin rí láyé mi.

Túsìdè, 19

Jẹ́ kí n kọ ọ́ kí n yé rò ó. Oṣù mi ò wá. Ó padà wá lẹ́yìn ìbímọ ní oṣù kárùn-ún, Mùsíọ̀ wálé Iléyá ní oṣù kẹfà, ó tún bá Mùsíọ̀ lọ.

(Mùsíọ̀ ni ọkọ mi. Láti ìgbà tó ti ń gbé lọ́dọ̀ àwọn Faransé ló ti ń fi imú sọ̀rọ̀. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo ń pè é. Inú ìwé ni mo ti ń ṣe fàájì.)

Yúsràt ò tíì pé oṣù mẹ́wàá. Ó ṣì ń mu ọmú. Ìdí ló fi ń wọ́ kiri ilé bíi pẹ́pẹ́yẹ, Pẹ́pẹ́yẹ náà ni mo sì ń pè é. Nílé ọkọ mi níbí, bí abiyamọ bá lóyún lórí ọmọ ọwọ́, wọ́n ní ọmú yẹn ti bàjẹ́. Wọ́n á já ọmọ lẹ́nu ọmú lọ́jọ́ náà, ó di ti ìyá ọkọ. Bí ti ìyàwó àgbà, aya ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ṣe rí nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ ti wọ kíláàsì kejì báyìí, Ìyá ló ń pè ní màmá, ó ń pe ìyá tó bí i ní àǹtí.

Àǹtí! Èmi ò lè jẹ́ àǹtí Pẹ́pẹ́yẹ.

Nítorí náà ẹnì kankan ò gbọ́dọ̀ mọ̀ títí n ó fi kọjá bọ́dà. Títí kan Mùsíọ̀. Ẹnu rẹ̀ ò ní ilẹ̀kùn.

Tọ́sìdè, 21

Orúkọ tí mo fún ìyá ọkọ mi nínú ìwé yìí – Kọ́sítọ́ọ̀mù. Àsíyátù ni orúkọ wọn, Ìyá ni gbogbo Kabba ń pè wọ́n. Ṣùgbọ́n báàgì wo ló kọjá níwájú wọn tí wọn ò tú? Mo di ẹrù lánàá, wọ́n tú u. Wọ́n fa ìkòkò irin jáde: "Ṣé wọn kì í se oúnjẹ ní Pàràkú ni?" Wọ́n fa gèlè mi jáde: "Ta lo fẹ́ wé eléyìí fún?" Wọ́n wá gbé ọlọ sí i. Ọlọ, òkúta odindi! Mo ní Ìyá, mọ́tò kékeré ni o, kì í ṣe tírélà. Wọ́n ní ọlọ ò tíì da mọ́tò kankan dúró rí.

Láti ẹsẹ̀ ni wọ́n ti máa ń wo ènìyàn lọ sókè. Bí ojú wọn bá ti ń súnmọ́ ikùn, màá yáa gbé Pẹ́pẹ́yẹ síwájú.

Jímọ̀, 22

Gààrí ń rùn sí mi. Gààrí! Mo sá lọ sẹ́yìn ilé. Nígbà tí mo padà, Kọ́sítọ́ọ̀mù dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Dùntán, kí ló ṣe ọ́?" Mo ní eṣinṣin ló wọ̀ mí lẹ́nu. Wọ́n ní, "Eṣinṣin yẹn á tóbi o." Wọ́n wọlé.

Láti ìrọ̀lẹ́, ẹ̀kọ ni wọ́n ń gbé fún mi. Wọn ò gbé gààrí wá mọ́. Mi ò béèrè ìdí.

Sọ́ńdè, 24

Mo lọ dágbére fún Bàbá mi ní Iffe. Thomas àgbẹ̀, Thomas sọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ wọ́n. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn bí a ṣe ń kíni nílé wa, mo ní okun o, Bàbá. Wọn ò rí mi. Ọmọ ni wọ́n gbà. "Ayọ̀kẹ́mi! Ayọ̀kẹ́mi tèmi!" Ní Kabba, Yúsràt ni. Ní Iffe, Ayọ̀kẹ́mi ni. Méjèèjì ni ọmọ ń jẹ́, bí ẹni tó ń pè é bá ṣáà ti mú nǹkan lọ́wọ́.

Bàbá wá ní, ṣé ọkọ mi rí ìwé ìbí tí àwọn fi ránṣẹ́? Mo ní ìwé ìbí wo? Wọ́n ní nígbà tí mo gbé ọmọ wá fún ìdúpẹ́, ṣebí àwọn lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n sì kọ Ayọ̀kẹ́mi Láwọ̀yín gàdàgbà síbẹ̀, kí ìyá ọkọ mi má bàa fi tiwọn nìkan kọ ọmọ sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Kọ́sítọ́ọ̀mù ti ṣe ìwé ìbí ti Yúsràt láti ọjọ́ kẹsàn-án, kí Bàbá mi má bàa ṣáájú wọn.

Ọmọ kan. Ìbí kan. Ìwé méjì.

Mo padà dé Kabba. Kọ́sítọ́ọ̀mù ní, "Thomas ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń pe ọmọ mi ní orúkọ yẹn?" Mo ní wọ́n ní kí n kí yín.

Wẹ́sìdè, 27

Kọ́sítọ́ọ̀mù ní kí n jókòó. "Dùntán, ọ̀nà jìn. Fi Yúsràt sílẹ̀ fún mi di ọdún tó ń bọ̀, kí ẹ fi rí ibi forí lé."

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Wọn kì í sọ nǹkan jẹ́jẹ́.

Mo ní, "Ìyá, ó ṣì ń mu ọmú." Wọ́n ní, "Ọmú." Ìyẹn nìkan. Wọ́n wo àyà mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n gbé korobá, wọ́n lọ pọn omi.

Jímọ̀, 29

Mo sùn. Mo jí. Mo tún sùn. Pẹ́pẹ́yẹ ti bọ́ sí orí mi.

Wẹ́sìdè, 3 oṣù kẹsàn-án

Mùsíọ̀ dé! Benjamin ará Ẹ̀júkù ló wa mọ́tò wá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ojoojúmọ́ ló ń ná ọ̀nà Pàràkú. Aláwàdà ẹ̀dá. Ó rí ọlọ lójúde, ó bi mí pé ṣé a fẹ́ lọ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ni.

Mùsíọ̀ yọ ìwé ìgbélùú. Ó gbé e fún mi bí ẹni gbé ẹyin. Faransé ni gbogbo rẹ̀. Mi ò gbọ́, ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ kà. Mo fi ìka tọ̀ ọ́. Láwọ̀yín Yàsírù. Láwọ̀yín Adédùntán – èmi nìyẹn, ara mi bù máṣọ. Láwọ̀yín Yúsràt. Láwọ̀yín Ayọ̀kẹ́mi.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Bàbá Yúsràt, ọmọ mélòó lẹ bí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó gba ìwé, ó wò ó. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Kọ́sítọ́ọ̀mù ní kí wọ́n ya ìwé ti Yúsràt fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Bàbá mi náà ní kí wọ́n ya ti Ayọ̀kẹ́mi. Tó bá lo ti ìyá rẹ̀, àna rẹ̀ á bínú. Tó bá lo ti àna, ìyá rẹ̀ á gégùn-ún. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú, ó bá kó méjèèjì fún àwọn tó ń ṣe ìwé. Ó rò pé wọ́n á mọ̀ pé ọmọ kan náà ni. Ta ló fẹ́ sọ fún wọn? Ìgbà wo ni wọ́n jẹ́ ará Kabba?

Tọ́sìdè, 4

Mùsíọ̀ ní ká jẹ́ kí òun padà lọ tún ìwé ṣe, oṣù mẹ́ta ni. Kí n dúró ní Kabba.

Oṣù mẹ́ta! Ní oṣù mẹ́ta sí i, ikùn mi á ti máa kí ènìyàn kí èmi tó kí wọn.

Mo ní rárá, ẹ jẹ́ ká máa lọ, wọn ò ní kà á. Ó wò mí. Ó ní, "Ìwọ Dùntán? Ìwọ tí ẹ̀rù adìẹ ń bà?" Mo ní àkùkọ nìkan ni.

Ẹ̀rù bọ́dà ń bà mí o. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ilé yìí ló jù.

Sátidé, 6

Ẹrù ti parí. Kọ́sítọ́ọ̀mù tú u, wọ́n tún un dì, ọlọ wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n wá gbé àdìpọ̀ kan fún mi, aṣọ funfun ni wọ́n fi dì í, wọ́n ta á ní kókó mẹ́ta. Ẹrù ìdágbére. "Ẹ ò gbọ́dọ̀ tú u lójú ọ̀nà. Ilé tuntun ni wọ́n ti ń tú u." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nílé wọn, ìyá wọn di irú rẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wá sílé ọkọ. Mo tẹ̀ ẹ́ wò. Ó rọ̀. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́.

Wọn ò tún sọ̀rọ̀ fífi ọmọ sílẹ̀. Èyí tún wá ń bà mí lẹ́rù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mọ́ńdè, 8

Lẹ́yìn àsùbáà la gbéra. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò – ta ló jókòó síbẹ̀? Kọ́sítọ́ọ̀mù. Wọ́n ti wọ bàtà. Ọmọ mi ti wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n ní àwọn ń sìn wá dé Ìlọrin, ó pẹ́ tí àwọn ti rí àbúrò àwọn. Mùsíọ̀ ní Ìyá, ẹ ò sọ. Wọ́n ní, "Ṣé mo máa ń sọ?"

Mópà. Ìsánlú. Ẹ̀gbẹ̀. Mo ń wo igbó lọ́tùn-ún, mo ń wo igbó lósì, àdúrà ń bẹ lẹ́nu mi nítorí àwọn ajínigbé. Benjamin ní kí n fọkàn balẹ̀, ajínigbé tó bá gbé Ìyá, òun gan-an ló máa sanwó kí á gbà wọ́n padà lọ́wọ́ òun. Kọ́sítọ́ọ̀mù fi àwọ̀n ọsàn gbá a léjìká. Àwọn náà rẹ́rìn-ín.

Mo bì lẹ́ẹ̀kan. Mo ní mọ́tò ló ń yí mi lórí.

A sùn ní Ìlọrin.

Túsìdè, 9

Ilẹ̀ mọ́. Kọ́sítọ́ọ̀mù ti padà jókòó sínú mọ́tò. Wọ́n ní àbúrò àwọn ń hanrun.

Wẹ́sìdè, 10

Ní Pàràkú ni mo ti ń kọ èyí. Lánàá, ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé.

Ẹ̀gbẹ́ tiwa ní bọ́dà ò pẹ́. Wọ́n wo ìwé, wọ́n ní ó dàbọ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, obìnrin kan ló dúró, aṣọ ìjọba fún un pinpin, bírò wà lẹ́yìn etí rẹ̀. Mùsíọ̀ fi Faransé kí i, tòun ti imú. Obìnrin náà jẹ́ kó kí i tán. Ó wá fi Yorùbá Ṣábẹ̀ẹ́ dá a lóhùn pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó máa tètè tán. Benjamin bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ó ka ìwé. Ó ka orí nínú mọ́tò. Ó tún ìwé kà. Ó ní awakọ̀ ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ará ilé mẹ́rin ni òun ń rí nínú ìwé. Mùsíọ̀, kò tiẹ̀ rò ó, ó nawọ́ sí ẹ̀yìn mọ́tò. "Àwa mẹ́rin rèé."

Ó ka Kọ́sítọ́ọ̀mù mọ́ wa!

Obìnrin náà tẹ̀ sí fèrèsé, ó wo ìyá ọkọ mi láti orí délẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ kú ìrìn. Ìwé ní oṣù mẹ́wàá lẹ tíì lò láyé."

Kọ́sítọ́ọ̀mù ní, "Kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín parí sí. Ó ní ọmọ méjì, ọjọ́ ìbí kan, ìbejì nìyẹn. Èkejì dà? Ta la fi sílẹ̀ fún? Àbí ìwé ọmọ tí ò sí la mú wá, kí á lè fi gbé ọmọ ọlọ́mọ wọlé lọ́la? Ó ní ká sọ̀ kalẹ̀.

A jókòó lábẹ́ páànù. Mùsíọ̀ ń ṣàlàyé ìwé méjì, ó ń làágùn, ó bọ́ sí Faransé, ó bọ́ sí Yorùbá, ó tiẹ̀ fi Háúsá díẹ̀ sí i. Obìnrin náà mi orí. Ó ní tọkọtaya lè kọjá. Ọmọ ò lè kọjá pẹ̀lú ìwé tó rí báyìí. Kí a lọ tún un ṣe ná.

Kọ́sítọ́ọ̀mù dìde. Wọ́n gbé Pẹ́pẹ́yẹ lẹ́sẹ̀ mi. "Ọ̀rọ̀ ti tán. Màá gbé e padà sí Kabba." Pẹ́pẹ́yẹ, ọ̀dàlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó di yẹtí wọn mú.

Mi ò mọ ibi tí ohùn ti wá. Mo ní, "Ọmọ kejì wà níbí." Ọwọ́ mi ti wà ní ikùn mi.

Èmi tí mo fi odindi oṣù kan pa á mọ́! Níwájú kọ́sítọ́ọ̀mù méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tú u.

Mùsíọ̀ la ẹnu, kò sí èdè kankan níbẹ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù ò la ẹnu, wọn ò pajú dé. Mo rò pé inú ló ń bí wọn. Obìnrin náà bi mí pé oṣù mélòó. Mo ní mẹ́ta. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ẹni tí wọ́n bí lọ́dún tó kọjá. Mo ní, "Rárá, Mà. Ọmọ kan ni mo bí. Bàbá mi fi orúkọ tiwọn ṣe ìwé, Ìyá fi tiwọn ṣe é. Wọ́n ń bá ara wọn díje ni."

Ó yíjú sí Kọ́sítọ́ọ̀mù. Ó ní Ìyá, ṣé òótọ́ ni? Wọ́n ní, "Òótọ́ ni. Mi ò fẹ́ kí Thomas ṣáájú mi."

Ìgbà yẹn ni obìnrin náà tó rẹ́rìn-ín. Ó ní nílé bàbá tòun, orúkọ mẹ́fà ni òun ń jẹ́, ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ọkọ òun ò mọ̀ dòní. Ó yọ bírò lẹ́yìn etí. Ó ní òun á fa ìlà sí orúkọ kan, òun á fọwọ́ sí i, ká lọ sí ọ́fíìsì tó ṣe é láàárín oṣù kan kí wọ́n tún un kọ. Èwo ni kí òun fà?

Mo wo Mùsíọ̀. Ó ń wo bàtà rẹ̀. Èmi ni gbogbo wọn ń wò. Wọn ò bi mí ní nǹkan báyìí rí.

Mo ní, "Ẹ fa Ayọ̀kẹ́mi. Tí èyí tó wà nínú bá jáde, á wá gba orúkọ rẹ̀."

Ó fà á. Ó lu òǹtẹ̀. Ó dún gbì.

Mo nawọ́ gba ọmọ mi. Kọ́sítọ́ọ̀mù ò gbé e fún mi.

"O lóyún oṣù mẹ́ta, o ń fún ọmọ lọ́mú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"O mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa."

"Mo mọ̀ ọ́n, Ìyá." Omijé ti dé. Mi ò nu ún.

Wọ́n ní, "Ìyàwó àgbà ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé tiẹ̀ wá bá mi. Ó ní apá òun ò ká a. Ìwọ ò gbé tìẹ wá. Yí ẹ̀yìn padà."

Mo yí ẹ̀yìn padà. Wọ́n gbé e pọ̀n mí. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi dì í, bí wọ́n ṣe ń di ẹrù, mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè mí. Gbogbo ọdún tí mo fi ń wo ìyàwó àgbà láti fèrèsé, mi ò bi í léèrè rí.

Wọ́n wọ mọ́tò tó ń padà sí Ìlọrin. Mo ń gbọ́ ohùn wọn, wọ́n ń bá awakọ̀ jà pé iwájú ni àwọn á jókòó.

A kọjá abúlé méjì. Mùsíọ̀ wá ní, "Ṣé o rí i pé mi ò purọ́ fún obìnrin yẹn? Mo ní àwa mẹ́rin. Mẹ́rin náà ni wá." Benjamin rẹ́rìn-ín débi tó fi dá mọ́tò dúró.

Tọ́sìdè, 11

Mo pe Bàbá mi. Mo sọ fún wọn pé Ayọ̀kẹ́mi wà nínú ikùn. Wọ́n ní, "Ṣé kí n lọ ṣe ìwé ìbí?"

Mo ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó jáde ná.

Jímọ̀, 12

Yàrá kan àti pálọ̀. Ọlọ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń ṣe bí onílé.

Mo tú ẹrù ìdágbére lónìí. Kókó mẹ́ta, eyín ni mo fi tú ìkẹyìn. Ògì gbígbẹ wà níbẹ̀, ìdì mẹ́rin, èyí tí wọ́n fi ń já ọmọ lẹ́nu ọmú díẹ̀díẹ̀. Atalẹ̀ wà níbẹ̀, èyí tí aboyún máa ń jẹ kó má bàa bì. Gèlè mi tí wọ́n fà jáde nínú báàgì. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ọ̀já méjì. Ọ̀kan ti ṣá, mo mọ̀ ọ́n, òun ni wọ́n fi pọn Mùsíọ̀. Èkejì tuntun ni.

Sátidé ni wọ́n di ẹrù yẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan.

Mo pè wọ́n kí n dúpẹ́. Wọn ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n ní, "Dùntán. Eṣinṣin yẹn ńkọ́?"